Ọmọ Ta Ló Ń Pariwo Yẹn?

Nínú gbogbo ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún àwa òbí ìlú Kabba, kò sí èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún tó ọgbọ́n ọrùn. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Àwọn èèyàn jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí níbi ìpàdé òbí, tàbí níwájú ilé dókítà. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Lójijì ọmọ kan figbe ta. Kí ojú tó ṣẹ́, àádọ́ta orí ti yí padà láti wá ẹni tó ni ọmọ. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn orí náà, ẹ ó rí i pé orí bàbá ọmọ gan-an wà láàárín wọn. Tirẹ̀ kì í yára yí bí ti àwọn yòókù. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yí i, tọláńlá-tọláńlá, bí ẹni tí ìjọba rán wá bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Á fajú ro. Á wo ẹ̀yìn, á wo ojú fèrèsé, á wo òkè àjà, bóyá ọmọ náà wà láàárín páànù. Lẹ́yìn náà á mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí bí àwọn òbí òde òní ṣe ń ba ọmọ jẹ́.

Iṣẹ́ ńlá ni. Mo ti rí àwọn tó gba oyè lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kànga gba oyè. Ẹni tó ra tánkì omi gba oyè. Ẹni tí kò ṣe ju pé kó máa gbé Àbújá lọ gba oyè, ìyàwó rẹ̀ náà gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tó lè gbọ́ ohùn ọmọ tó bí, ohùn tó ń jí i láràárọ̀, kó sì yíjú sẹ́yìn bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ta ló ti dá a lọ́lá? Èmi dá a lọ́lá níhìn-ín. Kí ọrùn rẹ̀ má gan láéláé.

Ọmọbìnrin mi ló jẹ́ kí n mọ̀ tó báyìí nípa iṣẹ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ń gbọ́ràn, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì mọ ẹni tó ni gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò wa. Kò kàn lè dákẹ́ ni. Ohùn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, hùùùn, bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Á máa ròkè, á máa ròkè, títí á fi fi ahọ́n lu òkè ẹnu: kó! Á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń jẹun, hùùùn, kó! Bó bá ń wẹ̀, hùùùn, kó! Bí ẹnì kan bá ń gbàdúrà, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń dún jù. Àfi tó bá sùn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ ní Jẹnẹrétọ̀. Tó bá wọlé láàárọ̀, wọ́n á pariwo pé, "Iná ti dé o! Jẹnẹrétọ̀ ti wọlé!" Òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kì í yé gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Ó gbọ̀n ní yunifásítì títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí méjì, ó ṣì ń gbọ̀n lónìí níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í dún, nítorí náà èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí.

Ilé ẹ̀kọ́ méjì ti fi ọ̀wọ̀ dá ọmọ náà padà fún wa. Wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Olùṣọ́ àgùntàn kan ní kí a gbé e wá fún àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí hùùùn náà ròkè tán, wọ́n ní ẹ̀mí mímọ́ ló bà lé e, wọ́n sì bi wá bóyá á fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin. A kó ẹrù wa, a padà sílé. Ilé ẹ̀kọ́ kẹta ló wá kù. Tí ìyẹn náà bá kọ̀ ọ́, kò sí òmíràn tí a lè mú un lọ nítòsí, àfi ká jẹ́ kó máa jókòó sílé.

Tíṣà rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ obìnrin ará Mopa kan, tó ga, tó máa ń fi rúlà onígi há abíyá bí ọ̀gá sójà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé ìlàjì sáà ìkẹta, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Dádì, ẹ jókòó."

Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

"Ọmọ yín ò burú o. Orí ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, òun ń lọ ata."

"A ti ń bá a wí, Mà."

"Ẹ má bá a wí mọ́. Ẹ ti bá a wí tó. Ẹ̀ ń bá a wí, ó ń pọ̀ sí i." Ó fi rúlà lu tábìlì, èmi àti ẹsẹ̀ mi fò sókè. "Ọ̀gá àgbà ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìparí ọdún, tí kò bá lè jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kí ètò fi parí, kí ẹ máa wá ibòmíràn fún un. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Ẹnu mi ò ká a mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń lọ sílé, mo ń sọ fún ara mi pé obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan nípa ọmọdé. Mo ti ka ìwé lórí ọmọdé. Òun ogójì nínú wọn ló ń tọ́jú lójoojúmọ́, nítorí náà kò ráyè kàwé.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Òun ló mọ obìnrin kan tó máa ń ti Lokoja wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ń lo yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn wọn. Orúkọ iṣẹ́ obìnrin náà gùn, kò sì wọ ẹnu ẹnikẹ́ni, nítorí náà dókítà eré ni gbogbo aláìsàn ń pè é. Ọ̀dọ́ ni. Kò wọ aṣọ funfun, kò gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn. Ìyẹn ti kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Táyà ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yàrá rẹ̀, àti ẹní, àti bọ́ọ̀lù kan tó tóbi ju àgbá omi lọ. Ó mú aṣọ híhun nínípọn kan, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà Bùnú ń hun, ó so etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi àjà, ó di ohun tí ọmọ lè wọ̀ kó máa fì.

Ọmọ mi wọ inú rẹ̀. Dókítà eré ń tì í, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Hùùùn náà kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀, kerekere, kerekere, mo sì wo òkè. Fáànù ni. Ó ti ń dún bẹ́ẹ̀ látìgbà tí a ti wọlé.

"Ara ẹ̀ ló ń wá nǹkan, sà," dókítà eré wí. "Ohùn yẹn ló fi ń wá a. Ó ń gbọn ọ̀fun ẹ̀ kí ara ẹ̀ lè mọ ibi tó wà. Tí ẹ bá fún ara yẹn níṣẹ́ gidi, kó tì, kó fà, kó gbé, kó fò, ọ̀fun lè sinmi díẹ̀."

"Ṣé á wá dákẹ́?"

"Mi ò sọ pé á dákẹ́, sà. Gbogbo ọmọ kọ́ ni nǹkan kan náà ń ṣe, a máa wò ó bó ṣe ń lọ ni. Ohun tí mo sọ ni pé ara á tù ú."

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: *Á dákẹ́.*

Obìnrin náà wo abẹ́ tábìlì. "Ẹ̀yin náà, sà, ẹ bá a ti ògiri láàárọ̀. Kò ní pa yín lára."

Báyìí ni ilé wa ṣe di pápá. Láràárọ̀, kí ọmọ tó lọ sílé ìwé, á ti ògiri ẹ̀yìnkùlé lógún ìgbà. Á fò látorí àtẹ̀gùn. A ó fi ẹní wé e bí ẹ̀kọ, a ó yí i lọ, a ó yí i bọ̀. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ rìn nílẹ̀, èmi á di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, a ó lọ dé ìdí máńgòrò, a ó padà. Mo ya àtẹ kan sórí káàdì, mo fi rúlà fa ìlà rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé *Ètò Ìmúpadàbọ̀sípò nípasẹ̀ Ìṣípòpadà Ara.* Ìyàwó mi kà á, ó tún un kà.

"Dádì, ṣé ògiri tí ọmọ fẹ́ tì nìyí?"

"Ó dára kí nǹkan ní orúkọ."

"Ó dáa. Kó má ṣàá fò kọjá àkókò, kí wọ́n má gba máàkì lọ́wọ́ ẹ̀."

Àwọn aládùúgbò tó ń lọ sóko máa ń dúró wò wá. "Okun o!" ni wọ́n ń ké, bí a ṣe ń kí ara wa níhà Kabba. Èmi á dáhùn, ẹsẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbà kan bi mí bóyá ilẹ̀ ni mo ń fi ọmọ ro.

Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú ohun tí dókítà eré sọ. Ó ní kí a fi nǹkan tó wúwo díẹ̀ sínú àpò ìwé rẹ̀, kó máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn lọ sílé ìwé, kí èjìká rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Mo ronú lé e lórí. Ìwé tí mo ní wúwo, ṣùgbọ́n ọmọ náà á fa ojú ewé wọn ya. Òkúta á ba àpò jẹ́. Ìyá ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣu ránṣẹ́ láti Odo-Ape, ó wà nílẹ̀ gátagàta nínú ilé ìdáná. Mo mú kékeré kan, mo gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo tì í sínú àpò.

Lọ́sàn-án ọmọ dé, àpò rẹ̀ fúyẹ́.

"Iṣu ńkọ́?"

"Tíṣà ti gbà á. Wọ́n ní ẹ ṣé. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù sí i."

Mo pe ìyàwó mi. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń wò mí.

"Ẹ̀yin fi iṣu ránṣẹ́ sí tíṣà, ní Kabba níbí, ẹ wá ń retí pé kó gbé e padà wá?"

"Èmi ò gbé iṣu lọ fún tíṣà. Ẹrù ni. Ìwòsàn ni."

"Ẹ lọ sọ fún un. Ẹ ní, 'Mà, ẹ dá iṣu wa padà, ẹrù ni, kì í ṣe oúnjẹ.' Mo fẹ́ wà níbẹ̀ kí n rí ojú yín."

Mi ò lọ. Ta ló máa lọ? Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, èjìká ọmọ ṣì nílò iṣẹ́. Mo tún fi iṣu mìíràn sí i. Ó tún lọ, kò bọ̀. Ìgbà tí a fi máa ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìdáná wa ti mọ́, tíṣà sì ránṣẹ́ pè mí. Mo lọ pẹ̀lú ẹ̀rù.

"Dádì! Okun o! Ẹ wọlé!" Àga àgbàlagbà ló fún mi lọ́jọ́ yẹn. "Ọmọ yín ti ń fara balẹ̀ o. Kò tí ì dákẹ́ tán, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ara wa. Mo ti fi í ṣe mọ́nítọ̀."

"Mọ́nítọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ń kó ìwé wọn lọ sí yàrá àwa tíṣà, òun ló ń kó o bọ̀. Òun ló ń pọn omi tí a fi ń nu bọ́ọ̀dù. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń tọ́jú mi báyìí?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo ro gbogbo rẹ̀ fún dókítà eré. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bọ́ọ̀lù ńlá rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì gbé e yí díẹ̀. Lẹ́yìn tó nu ojú, ó ka iye ìgbà tí ọmọ ń gbé ìwé lójúmọ́ sórí ìka: láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde ṣeré, lẹ́yìn eré, lọ́sàn-án. Ó ní ká ní òun ló bẹ tíṣà fún ìgbà mẹ́rin yẹn, pẹ̀lú garawa omi, tíṣà ì bá sọ pé òun ò ráyè. "Ẹ má dá iṣu dúró, sà," ló wí.

Èèyàn mìíràn á ti sọ pé iṣu ni, tàbí tíṣà ni, tàbí Ọlọ́run ni. Èmi ní ètò mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo ń ya àwòrán iṣan sẹ́yìn ìwé. Mo ń sọ pé ọmọ mi *ti* dákẹ́. Nílé, hùùùn ṣì ń dún, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀, ó ní ìsinmi láàárín, mo sì pinnu pé èyí tó rẹlẹ̀ kò sí nínú ìṣirò.

Ọjọ́ ìparí ọdún pé. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni ìyàwó mi ń ṣe lọ́jọ́ náà, ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti pariwo wọlé pé, "Ẹ má gbàgbé ògiri o! Àti fífò!"

Mo wo ọmọ. Ó ti wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí, tó le bí káàdì, ìlà rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Mo wo ògiri ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú ewédò lára rẹ̀. Mo wo ẹní.

"Dádì, ṣé ká lọ ti ògiri?"

"Lónìí kọ́. Aṣọ á dọ̀tí."

"Àpò mi ńkọ́?"

"Kò sí àpò lónìí. Ayẹyẹ ni à ń lọ."

Wọ́n ta kánópì mẹ́ta sí iwájú ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ jókòó níwájú, lápá ọ̀tún, ní ìlà-ìlà. Èmi wà ní ìlà kejì láàárín àwọn òbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, tó dé fìlà Hausa, tó sì ń fi ìwé ètò fẹ́ ara rẹ̀. Mo ti ń sọ fún un nípa ètò mi láti ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun á fẹ́ rí ọmọ náà. Mo ní ẹ ó rí i, ẹ ò ní gbọ́ ọ ni.

Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dìde láti sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́. Ó sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ ìgbà tirẹ̀ ṣe ń jókòó bí ère. Oòrùn ń ti abẹ́ kánópì wọlé sí ẹsẹ̀ wa. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo fi ọwọ́ dì í mú, ó tún gbọ̀n. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ mi. Ó ti di àga mú lábẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ń fi ìdí sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn. Mo rí i. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì mọ ẹni tó fi dù ú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Hùùùn. Ó rẹlẹ̀, ó fẹ́ kú, ó tún dìde. Ó ròkè kọjá ohùn alága. Alága dákẹ́ láti wo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, bóyá òun ló bàjẹ́. Ìgbà yẹn ni ahọ́n lu òkè ẹnu nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà.

Kó!

"Ọmọ ta ló ń pariwo yẹn?" ọ̀gá ẹ̀gbẹ́ mi béèrè.

Gbogbo orí yí. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gbé ojú sókè níbi tábìlì ẹ̀bùn. Ọmọ mi dìde dúró nídìí àga rẹ̀, ó ń wá láàárín àwọn òbí.

Rúlà ló dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn, pàá, lára òpó kánópì.

"Tèmi ni!" Tíṣà ti dìde. "Ọmọ kíláàsì mi ni. Ó ti jókòó jù. Alága, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wa la ti jókòó jù."

Ẹ̀rín bú sáàárín kánópì. Alága pàápàá rẹ́rìn-ín. "Mọ́nítọ̀," tíṣà wí, "bọ́ síbí, wá kó ìwé ẹ̀bùn fún Ọ̀gá àgbà." Ọmọ mi lọ. Wọ́n to ìwé lé e láyà títí dé àgbọ̀n, ó gbé e láti kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì dé ibi tábìlì, ó padà lọ gbé òmíràn, ó tún lọ. Sítáàṣì aṣọ rẹ̀ ti rún pátápátá. Ní ìgbà kẹrin, mo gbọ́ tí alága ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn tí mo gbọ́. Nígbà tí ọmọ mi padà jókòó, ó jókòó títí ètò fi parí.

Bí a ṣe ń túká, Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. "Dádì, à ń retí ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án." Tíṣà wà lẹ́yìn rẹ̀, rúlà lábíyá. "Ẹ má gbàgbé iṣu," ló wí.

Èmi àti ọmọ mi fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó ń fò kọjá gọ́tà, ó ń fò padà, hùùùn, kó!

"Dádì, kí ló wà lẹ́yìn yín?"

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tí gbogbo wọn ń wò mí. Mo ń wò yín, ẹ̀yin ń wo ẹ̀yìn."

"Kò sí nǹkan."

Ó fò kọjá gọ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ìyàwó mi dé lọ́sàn-án, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀rọ̀ alága, rúlà, ìwé ẹ̀bùn, oṣù kẹsàn-án. Mo jẹ́wọ́ ògiri tí a kò tì, ó sì bínú sí mi bó ṣe yẹ kó bínú. Apá kan ṣoṣo ni mi ò sọ, mo sì ń sọ ọ́ níhìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá yẹn béèrè ẹni tó ni ọmọ, mo fajú ro, mo yí ọrùn mi díẹ̀díẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo sì bá wọn wá a. Èmi náà ṣe é.